“Wọ́n ní ọkàn ni”: bí a ṣe ń wá orúkọ àìsàn ọkàn rí, àti bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀

Nọ́ọ̀sì ni mí, kílíníkì ọkàn ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 11 sẹ́yìn. Bí mo bá bi aláìsàn pé kí ló gbé wọn wá, èsì tí mo ń gbọ́ jù ni “Wọ́n ní ọkàn ni.” Ó parí síbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ní ilé yín ló bàjẹ́, tí ẹ lọ bá oníṣẹ́ ọwọ́ pé “ilé mi bàjẹ́”. Ohun tó máa kọ́kọ́ bi yín ni pé, ṣé ògiri ni àbí ilẹ̀kùn? Ṣé wáyà ló já, àbí páìpù ló dí? Torí pé bíríkìlà kì í tún wáyà ṣe, káfíńtà kì í sì í tú páìpù.

Bí ọkàn ṣe rí gan-an nìyẹn. Ilé oníyàrá mẹ́rin ni. Ẹran líle ni ògiri rẹ̀, òun ló ń fún ẹ̀jẹ̀ jáde. Ó ní ilẹ̀kùn mẹ́rin tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tó ti kọjá tún ṣẹ́rí padà. Ó ní iná tirẹ̀ tó ń sọ ìgbà tó yẹ kó sún kì àti ìgbà tó yẹ kó dẹ̀. Ó tún ní àwọn òpó tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wá fún ẹran ọkàn fúnra rẹ̀, torí pé ẹni tó ń pọn omi fún gbogbo ilé, òun náà gbọ́dọ̀ mu. Èyí tó bá bàjẹ́ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ògiri, ilẹ̀kùn, wáyà iná àti páìpù ẹ̀jẹ̀, ló ń sọ irú ìtọ́jú tí ẹ máa gbà, oògùn tó sì gbé ìyá kan dìde lè dá ìyá kejì dùbúlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá gbọ́ tèmi pé kí wọ́n gba orúkọ àìsàn náà lẹ́nu dókítà kí wọ́n tó gbé oògùn sẹ́nu.

Èyí tí kò gbọ́dọ̀ dúró dọ̀la

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti pàjáwìrì kúrò nílẹ̀. Bí àyà bá wúwo bíi pé wọ́n gbé odó lé e, tàbí tó ń fún pọ̀, tí kò lọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, tó ń ràn dé apá, ọrùn tàbí àgbọ̀n, tí òógùn tútù sì ń bo ara, ẹ má pè é ní ọgbẹ́ inú kẹ́ ẹ wá máa mu oògùn ulcer. Lára àwọn obìnrin, àwọn àgbàlagbà àti àwọn tó ní àtọ̀gbẹ, ó lè má dùn wọ́n rárá. Èébì, òòyì tàbí èémí tó ń há ni wọ́n á kàn rí. Ọsibítù ńlá tó ní ẹ̀ka pàjáwìrì ni kẹ́ ẹ forí lé, ẹ má yà sí kẹ́míìsì. 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì ní Nàìjíríà, Èkó tún ní 767. Bí aspirin kò bá jẹ́ èèwọ̀ ara ẹni náà, tí ẹ̀jẹ̀ kò sì dà níbì kankan lára rẹ̀, kó rún aspirin 300 mg lẹ́nu kó tó gbé e mì. Kó má sì wa ọkọ̀ fúnra rẹ̀ o.

Ẹni tó ṣubú, tí kò dáhùn, tí kò mí, tàbí tó kàn ń ja èémí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kà á sí pé ọkàn rẹ̀ ti dúró. Ẹ má da omi sí i lórí, ẹ má fi ṣíbí sí i lẹ́nu. Ẹ tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ líle, ẹ gbé ìdí àtẹ́lẹwọ́ kan lé àárín àyà rẹ̀, ẹ gbé ọwọ́ kejì lé e, kẹ́ ẹ máa tẹ̀ ẹ́ wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6, ìgbà 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan, títí ìrànlọ́wọ́ á fi dé. Iṣẹ́ líle ni, ó ń rẹ èèyàn lápá kíákíá. Ẹ máa gbà á lọ́wọ́ ara yín.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹnu yín ni àyẹ̀wò àkọ́kọ́

“Ìrọ̀rí mélòó lẹ fi ń sùn, Mà?”

Ìyá kan tó ń ta ẹ̀lùbọ́ rẹ́rìn-ín nígbà tí mo bi wọ́n léèrè yìí. Wọ́n ní mẹ́ta. Ọmọ wọn obìnrin tó tẹ̀ lé wọn wá rọra sọ pé, “Àǹtí Nọ́ọ̀sì, orí àga ni Màámi ń sùn láti ọjọ́ Àìkú.” Wọ́n ti fi oṣù méjì lo oògùn ikọ́ fée, torí pé bí wọ́n bá ti fẹ̀yìn lélẹ̀, ikọ́ á gbá wọn dìde láàárín òru, wọ́n á sáré ṣí fèrèsé láti gba atẹ́gùn. Ẹsẹ̀ wọn ti wú, àwọn ará ọjà sì ti sọ fún wọn pé wọ́n tẹ nǹkan. Mo fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun wọn, mo ka ení dé àrún, mo gbé e kúrò. Kòtò dúró síbẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn bá fi ìka tẹ ẹ̀bà.

Kì í ṣe ikọ́ fée, wọn ò sì tẹ nǹkan kan. Ọkàn ni kò lágbára láti fún ẹ̀jẹ̀ jáde tó mọ́, omi wá ń ṣẹ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró àti sí ẹsẹ̀. Bí èèyàn bá dùbúlẹ̀, omi ẹsẹ̀ náà á ṣàn padà sókè, ẹ̀dọ̀fóró á sì kún. Iye ìrọ̀rí ń sọ ohun tí ẹ̀rọ olówó gọbọi máa wá fìdí rẹ̀ múlẹ̀ lẹ́yìn náà.

Ẹ kọ nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀ ní ilé, torí pé iwájú dókítà ni èèyàn ti ń gbàgbé: iye ìrọ̀rí, ibi tí èémí yín ń mọ (ṣé àtẹ̀gùn ilé kan ni, àbí láti bẹ́ẹ̀dì dé ilé ìwẹ̀), ìgbà tí ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú, bóyá àyà ń lù kìkì lójijì, bóyá ẹ ti dákú rí, àti ohun tí ẹ ń ṣe lọ́wọ́ nígbà náà, bóyá ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, bóyá oríkèé wú yín pẹ̀lú ibà nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé, bóyá ẹnì kan nínú ẹbí kú lójijì láìtíì pé ọdún 50. Ẹ kọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò, àgbo náà wà nínú rẹ̀. Bí àgbo bá wà nínú ike, ẹ gbé ike náà dání. A ò ní bá yín jà.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru bó ṣe yẹ

Nínú àkọsílẹ̀ tí àwọn dókítà ṣe nípa àwọn tí ọkàn wọn ti rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ẹ̀jẹ̀ ríru ló fa ti iye tó ju mẹ́ta nínú mẹ́rin lọ. Ìwádìí mìíràn tó jáde lọ́dún 2012 kó aláìsàn 1,006 jọ láti orílẹ̀-èdè 9 ní Áfíríkà. Ìpíndọ́gba ọjọ́ orí wọn jẹ́ 52. Ọmọ ẹni ọdún 52 ṣì lè wà ní yunifásítì. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí àìsàn ọkàn ti ń wọlé sí wa lára jù, apá yín lẹ máa wò.

Wọ́n sì máa ń wọ̀n ọ́n ní ìwọ̀nkuwọ̀n. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti wé e mọ́ orí àpò ọwọ́ búbá, tí ẹni tí wọ́n ń wọ̀n ṣì ń bá ẹni tó gbé ọkọ̀ dúró jà lórí ṣéńjì. Bó ṣe yẹ kó rí nìyí: ẹ tọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má mu kọfí tàbí sìgá fún ìṣẹ́jú 30 ṣáájú. Ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú 5, kẹ́ ẹ fẹ̀yìn ti àga, ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀, ẹ má gbé ọ̀kan lé èkejì. Apá yín gbọ́dọ̀ wà lórí tábìlì, kó bá ọkàn dọ́gba, kí aṣọ má sì sí láàárín. Ẹ má sọ̀rọ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ìṣẹ́jú kan láàárín wọn, kẹ́ ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀. Bí apá bá sanra, aṣọ ẹ̀rọ kékeré á gbé nọ́ńbà irọ́ jáde. Ẹ béèrè èyí tó tóbi.

140/90 sókè ní ọsibítù, tàbí 135/85 sókè ní ilé, tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ léraléra, ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kì í sábà tó láti fún èèyàn lórúkọ yẹn, àfi tó bá ga gan-an bíi 180/120. Bí ìyẹn bá wá pẹ̀lú àyà dídùn, ojú ríran bàìbàì, ìṣòro ọ̀rọ̀ sísọ tàbí èémí kíkúrú, ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni.

Ìgbésẹ̀ kẹta: àwọn àyẹ̀wò, àti ìbéèrè tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń dáhùn

ECG ń gbọ́ iná ọkàn. Àwọn kan máa ń bẹ̀rù pé wọ́n fẹ́ fi iná sí àwọn lára. Rárá, iná tí ọkàn yín fúnra rẹ̀ ń mú jáde ni ẹ̀rọ náà ń kọ sílẹ̀. (Nígbà tí Einthoven, ará Netherlands tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1924 lórí ẹ̀rọ náà, bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, inú omi iyọ̀ ni èèyàn ń ki ọwọ́ àti ẹsẹ̀ bọ̀.) Ẹ má fi ìpara tàbí òróró sí àyà lọ́jọ́ náà, torí kò ní jẹ́ kó lẹ̀ dáadáa. Ohun kan tí wọn kì í sọ fún yín: bébà ECG máa ń ṣá nínú oòrùn àti nínú ọkọ̀ gbígbóná, ohun tó wà lórí rẹ̀ á pòórá. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ yà á sórí fóònù lọ́jọ́ náà gan-an. ECG àtijọ́ tó dára ṣe iyebíye lọ́jọ́ tí ti tuntun bá ní wàhálà. Àmọ́ ECG tó dára kò túmọ̀ sí pé ọkàn dára. Ó lè má rí ilẹ̀kùn tó ń jò.

Ẹ́kò ni ọba wọn. Síkáànù ni, irú èyí tí wọ́n ń ṣe fún aboyún. Ẹ máa fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀, wọ́n á fi nǹkan tútù kan bíi ògì pa yín láyà, wọ́n á sì gbé ọwọ́ ẹ̀rọ lé e. Bí wọ́n bá jẹ́ kẹ́ ẹ wo ojú rẹ̀, ẹ máa rí ògiri tó ń sún, àti ilẹ̀kùn funfun tó ń ṣí tó ń pa dé. Nọ́ńbà tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ níbẹ̀ ni èyí tí wọ́n ń kọ ní EF. Bí mílílítà 100 bá wà nínú yàrá tó ń fún ẹ̀jẹ̀ jáde, tí 60 bá jáde nígbà tó sún, EF jẹ́ 60%. Bó bá wà ní 55% sókè, ó dára. Bó bá jẹ́ 40% tàbí ó dín, ọkàn ò lè fún ẹ̀jẹ̀ jáde dáadáa. Ẹ má ronú pé 100% ló yẹ kó jẹ́. Ìdánwò WAEC kọ́ nìyí. Ọkàn kan sì lè ní EF 60% kó máa fa wíwú ẹsẹ̀, torí pé ògiri rẹ̀ ti le jù láti dẹ̀.

Àwòrán àyà, ìyẹn X-ray, ń fi hàn bí ọkàn ti fẹ̀ tó àti bí omi bá wà nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fà ni wọ́n fi ń wo kíndìnrín, ṣúgà, ọ̀rá, iye ẹ̀jẹ̀ àti ẹṣẹ́ ọrùn (thyroid), torí pé àìtó ẹ̀jẹ̀ nìkan lè mú ọkàn sáré, kíndìnrín nìkan náà sì lè mú ẹsẹ̀ wú. Troponin ni ti ẹni tí àyà ń dùn lójijì: ó ń jáde sínú ẹ̀jẹ̀ bí ẹran ọkàn bá fara pa. Bí àkọ́kọ́ ò bá rí nǹkan, wọ́n lè tún un fà lẹ́yìn wákàtí díẹ̀. Ẹ má bínú sí wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ìtọ́jú, bí orúkọ bá ṣe rí

*Ògiri tí ẹ̀jẹ̀ ríru sọ di líle.* Bí èèyàn tó ń fi gbogbo ọjọ́ gún iyán ni ọkàn yìí ṣe rí: ó kọ́kọ́ yọ ìṣù, lẹ́yìn náà ó rẹ̀ ẹ́. Amlodipine, oògùn tó ń mú èèyàn tọ̀, àti àwọn bíi lisinopril àti losartan ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀, méjì pọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Amlodipine lè wú ọrùn ẹsẹ̀. Ọkàn kọ́ ló bàjẹ́ síwájú, ẹ kàn sọ fún dókítà. Lisinopril lè fa ikọ́ gbígbẹ, wọ́n á sì pààrọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ètè tàbí ahọ́n bá wú, èyí tó wọ́pọ̀ lára ènìyàn dúdú ju àwọn mìíràn lọ, ẹ má lò ó mọ́ láéláé, ẹ sáré lọ sí pàjáwìrì. Nǹkan tó bà mí nínú jẹ́ jù ni ẹni tó sọ pé “ó ti lọ sílẹ̀, mo ti dáwọ́ dúró.” Oògùn náà ló mú un lọ sílẹ̀.

Iyọ̀ tí àjọ ìlera àgbáyé fọwọ́ sí kò tó gíráàmù 5 lójúmọ́, bí ṣíbí tíì kan, magí àti búrẹ́dì wà nínú rẹ̀. Ẹ̀fọ́ rírò tí wọ́n fi magí mẹ́rin sè ti gbé èyí tó pọ̀ lọ nínú rẹ̀. Irú, ata, àlùbọ́sà àti edé lè gbé adùn náà.

*Ọkàn tó ti rẹ̀.* Gẹ̀ẹ́sì pè é ní heart failure, orúkọ náà sì ń dẹ́rù ba àwọn ọmọ aláìsàn. Kò túmọ̀ sí pé ó ti dúró; ó túmọ̀ sí pé kò lè ṣiṣẹ́ tó bó ṣe yẹ. Furosemide ló ń tú omi. Àárọ̀ ni kẹ́ ẹ lò ó bí ẹ bá fẹ́ sùn lálẹ́. Bí EF bá ti lọ sílẹ̀, oògùn oríṣi mẹ́rin ló ń fi ẹ̀mí kún ẹ̀mí: irú lisinopril tàbí sacubitril-valsartan, irú carvedilol tàbí bisoprolol, spironolactone, àti dapagliflozin tàbí empagliflozin. Díẹ̀díẹ̀ ni dókítà máa ń fi kún wọn. Ẹ má dá carvedilol tàbí bisoprolol dúró lójijì. Ẹni tó ń lo spironolactone ò gbọ́dọ̀ ra iyọ̀ tí wọ́n fi potassium ṣe, kò sì gbọ́dọ̀ fo àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀.

Ẹ ra ìwọ̀n. Láràárọ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti tọ̀, kẹ́ ẹ tó jẹun, ẹ gùn ún, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá fi ju kílò 2 lọ láàárín ọjọ́ 3, omi ni, ẹ pe kílíníkì kí ẹsẹ̀ tó wú. Kẹ́ ẹ sì sá fún ibuprofen àti diclofenac tí wọ́n máa ń pò pọ̀ fún ara ríro. Wọ́n ń mú omi dúró. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ yẹn, abẹ́rẹ́ diclofenac orúnkún ló gbé wọn padà sí ọsibítù ní ìgbà kejì.

*Ọkàn tó rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ.* Láti oṣù tó kẹ́yìn oyún títí di oṣù 5 lẹ́yìn ìbímọ, èémí tó ń kúrú lórí ibùsùn kì í ṣe “àárẹ̀ abiyamọ” títí ẹ̀rí á fi wà. Apá òkè Nàìjíríà wà lára ibi tó ti wọ́pọ̀ jù láyé, ó sì ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wa náà. Ẹ béèrè fún ẹ́kò. Ọ̀pọ̀ wọn ni ọkàn wọn ń padà sípò, àmọ́ ẹ jíròrò oyún mìíràn pẹ̀lú dókítà ọkàn kẹ́ ẹ tó lóyún. Lisinopril àti losartan ò gbọ́dọ̀ bá oyún pàdé.

*Ilẹ̀kùn tó jò tàbí tó dí.* Ọ̀nà ọ̀fun dídùn ọmọ ọdún 5 sí 15 ló sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀. Bí wọn ò bá tọ́jú rẹ̀, ara ọmọ lè yí ohun ìjà tó fi ń bá kòkòrò jà padà sí ilẹ̀kùn ọkàn, pàápàá ilẹ̀kùn apá òsì. Oríkèé tó ń wú láti ibì kan sí ibòmíràn pẹ̀lú ibà kì í ṣe làkúrègbé ọmọdé. Penicillin tó ń pẹ́ lára, tí wọ́n ń gún ní ọ̀sẹ̀ 3 sí 4, kì í jẹ́ kó tún kọlù ú. Ọdún púpọ̀ ni wọ́n fi ń gún un. Ilẹ̀kùn tó ti bàjẹ́ pátápátá, iṣẹ́ abẹ ni. Enugu ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣí ọkàn ní Nàìjíríà, lọ́dún 1974. Ẹni tí wọ́n bá fi ilẹ̀kùn onírin sí lára á máa lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, títí ayé, á sì máa ṣe àyẹ̀wò INR, èyí tó ń sọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó kó tó dì. Ẹ̀fọ́ kì í ṣe èèwọ̀ fún un. Kó má kàn jẹ ẹ́ rẹpẹtẹ lọ́sẹ̀ yìí kó má sì fẹnu kàn án lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

*Páìpù tó dí.* Ọ̀rá àti ẹ̀jẹ̀ dídì ló ń dí i. Sìgá, àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń pè é. Bó bá dí pátápátá, wákàtí 12 àkọ́kọ́ ni wọ́n fi lè yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì náà, bó bá sì ṣe yá tó ló ṣe dáa tó. Níbi tí ẹ̀rọ wà, wọ́n á ti ọrùn ọwọ́ tàbí ìtan wọlé láti ṣí i. Lẹ́yìn náà, aspirin, oògùn kejì tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, àti statin, oògùn tó ń dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù.

*Wáyà tó já.* Ẹ fi ìka méjì sí ọrùn ọwọ́ nísàlẹ̀ àtàǹpàkò, kẹ́ ẹ ka ìṣẹ́jú kan. 60 sí 100 ló dára fún ẹni tó jókòó. Bí kò bá tẹ̀ lé ara rẹ̀ rárá, bí ìlù ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lù, ó lè jẹ́ atrial fibrillation, èyí tó ń sọ ewu rọpárọsẹ̀ di bíi ìlọ́po márùn-ún. Oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì ni wọ́n á fi bẹ̀rẹ̀. Bó bá ń falẹ̀ jù tí èèyàn sì ń dákú, wọ́n lè fi ẹ̀rọ kékeré kan sábẹ́ awọ àyà tó ń ta á jí.

*Ihò ọkàn tí wọ́n bí mọ́ ọmọ.* Ọmọ tó ń làágùn bó bá ń mu ọyàn, tí kò sanra, tí ètè rẹ̀ ń dúdú nígbà tó bá sunkún, tàbí ọmọ tó máa ń lóṣòó láàárín eré kó tó lè mí, ẹ gbé e lọ fún ẹ́kò. Àwọn ihò kékeré kan máa ń dí fúnra wọn. Èyí tó tóbi kì í dúró de èèyàn, ẹ̀dọ̀fóró lè bàjẹ́ kọjá iṣẹ́ abẹ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: kẹ́ ẹ tó kúrò lọ́dọ̀ dókítà

Ẹ béèrè: kí ni orúkọ rẹ̀? Kí ni EF mi? Oògùn wo ló wà fún kí ni, èwo ni mo máa lò títí ayé? Ìgbà wo ni kí n padà wá, kí ló sì lè mú mi wá ṣáájú ọjọ́ náà? Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ oògùn gan-an, kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ tó ṣe é nìkan, torí pé ìyẹn lẹ máa fi rí èyí tó dín lówó. Ẹ lọ rà á bó bá ku ọ̀sẹ̀ kan kó tán. Bí aládùúgbò yín bá sọ pé “ọkàn kan náà ló ń ṣe wá, gba tèmi lò,” ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ẹ má gbà á.

Àti páálí oògùn: ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀rá, ẹ gbé e dání nígbàkigbà tí ẹ bá ń bọ̀. Ẹ má sọ fún wa pé “èyí tó funfun, tó kéré yẹn.” Gbogbo wọn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun. Gbogbo wọn ló kéré.